LinkedIn mi ṣófo, IT sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀: kí ni kí n kọ sí i?

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Food Science and Technology ni mò ń kà, mo wà ní ọdún kẹrin, ó sì yẹ kí n lọ fún IT (Industrial Training, ìyẹn iṣẹ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níléeṣẹ́) olóṣù mẹ́fà láìpẹ́. Mo ti gbé lẹ́tà lọ sí ibi mẹ́rin ní Àkúrẹ́ níbí. Gbogbo wọn ní kí n máa lọ ná, àwọn á pè mí. Kò sẹ́ni tó pè. Ọmọ kíláàsì mi kan, tí máàkì tiẹ̀ ò ju tèmi lọ, ti ríbi. Ó ní ohun tí òun kọ sórí LinkedIn, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń sọ nípa iṣẹ́ wọn, ni ọ̀gá kan rí tó fi kọ̀wé sí òun.

Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà ni mo ṣí tèmi wò. Ibi ìgbéyàwó àǹtí mi la ti ya fọ́tò tó wà níbẹ̀. Mo we gèlè, mo gé ẹni tó dúró tì mí kúrò, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká mi. Lábẹ́ orúkọ mi, "Student" nìkan ni mo kọ. Kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n kọ "CEO" àti "Food Scientist" síbẹ̀, pé bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọkàn mi ò gbà á. Àmọ́ mi ò tíì ṣiṣẹ́ níbì kankan rí, àfi gàrí tí mò ń bá ìyá mi tà lọ́jà Ọba. Kí lẹni tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí ń kọ?

Àgùnbánirọ̀ Ìkàrẹ́:

Àbúrò, má kọ CEO o. Fọ́tò yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ. Ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, dúró síwájú ògiri tí kò ní àwọ̀ púpọ̀, kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, kí àbúrò rẹ gbé fóònù sókè dé ojú rẹ, kó yà ọ́ láti àyà dé orí. Aṣọ tó o máa ń wọ̀ lọ dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn olùkọ́ ti tó. O ò nílò láti sanwó fún onífọ́tò.

Lẹ́yìn náà, wo àdírẹ́sì ojú ewé rẹ. Nọ́ńbà jákujàku ni wọ́n máa ń fi sídìí orúkọ èèyàn. Wọ́n gbà ọ́ láàyè láti pa á rẹ́ kó ku orúkọ rẹ nìkan, wàá sì lè kọ ọ́ sórí CV. Kó o wá máa kọ nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìyá Ìbejì Ìdànrè:

Ọmọ mi, nídìí àyẹ̀wò ọjà ni mo wà níléeṣẹ́ oúnjẹ, mo sì wà lára àwọn tó ń yan ọmọ IT. Mi ò fara mọ́ ti kíkọ nǹkan lójoojúmọ́ yẹn. Ẹni tí kò bá ní ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ìwúrí tó jí kọ níbòmíì ló máa fi kún un, a sì máa ń mọ̀.

Jẹ́ kí n bi ọ́ ná. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣe ní láàbù, èwo lo fi ọwọ́ ara rẹ ṣe? Má sọ orúkọ kọ́ọ̀sì fún mi. Sọ ohun tó o ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:

Ẹ ṣé, mà. Lọ́dún tó kọjá, àwa márùn-ún ṣe èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. A gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, a sá apá kan sóòrùn, a sì fi apá kejì sínú ààrò láàbù. Èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n. Ní wákàtí wákàtí ni mò ń gbé àwo náà sórí ìwọ̀n, tí mò ń kọ iye tó bá gbé sínú ìwé. Gíráàmù 500 tó wà nínú ààrò di 220 kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tá a sá gbà wá lọ́jọ́ mẹ́ta, torí òjò ká a mọ́ ìta lọ́jọ́ kejì, apá kan rẹ̀ sì bu. Mi ò mọ̀ pé èyí tó nǹkan téèyàn ń kọ.

Ìyá Ìbejì Ìdànrè:

Háà! Ohun tí mò ń wá gan-an lo gbé pa mọ́ yẹn. Èyí tó bu yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó o kọ, torí omi tó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ ló ń jẹ́ kó bu, ìṣòro tá à ń bá jà níléeṣẹ́ lójoojúmọ́ sì nìyẹn.

Òyìnbó lo máa fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó máa sọ nìyí. Lábẹ́ orúkọ rẹ: akẹ́kọ̀ọ́ Food Science and Technology ní FUTA, mo ti ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ oúnjẹ, mò ń wá ibi tí mo ti máa ṣe IT. Fi oṣù tó o máa bẹ̀rẹ̀ sí i. Lẹ́tà 220 péré ni wọ́n fún ọ níbẹ̀, nítorí náà má fi "hardworking" gba àyè.

Níbi tí wọ́n ti ní kó o sọ nípa ara rẹ, lẹ́tà 2,600 ni wọ́n fún ọ, àmọ́ ìlà díẹ̀ ló máa ń hàn lórí fóònù kéèyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti rí ìyókù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni kó ṣáájú. Kọ gàrí ìyá rẹ náà sí i: bó o ṣe ń mọ èyí tó gbẹ dáadáa àti èyí tí kò ní pẹ́ bà jẹ́. Kí ló dé tó o fi pè é ní "àfi"? Ọdún mélòó lo ti fi ń bá a tà á? Iṣẹ́ ni.

Tún bẹ ẹni tó ń bójú tó láàbù yín kó bá ọ kọ ìlà méjì nípa bó o ṣe ṣiṣẹ́. Ojú rẹ̀ ló ṣe.

Bàbá Olùkọ́ Ọ̀wọ̀:

Òótọ́ ni màmá sọ. Lọ́dún 1973 tí ITF (Industrial Training Fund, àjọ ìjọba àpapọ̀) dá ètò IT yìí sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìwé làwọn ọmọ mọ̀, wọn ò mọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ṣì ń wá nìyẹn.

Lọ sójú ewé ilé ẹ̀kọ́ yín lórí LinkedIn, tẹ "Alumni", wàá rí àwọn tó ti jáde àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ka ohun tí ò ń kà ni kó o kọ̀wé sí. Tó ò bá sanwó fún LinkedIn, ìwé díẹ̀ ni wọ́n ń gbà ọ́ láàyè láti fi mọ́ ìbéèrè pé o fẹ́ di ojúlùmọ̀ ẹnì kan lóṣù, kò sì gùn, nítorí náà má fi ṣòfò. Má tọrọ iṣẹ́ nínú ti àkọ́kọ́. Kí i, sọ pé ẹ̀ka kan náà lẹ ti jáde, kó o bi í ní nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ̀.

Kí o sì ṣọ́ra o, ọmọ mi. Má kọ nọ́ńbà fóònù rẹ tàbí àdírẹ́sì ilé síta. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi san owó fọ́ọ̀mù fún ẹnì kan tó ní ọ̀gá òun ló fẹ́ gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ tó dé àdírẹ́sì tí wọ́n fún un, ilẹ̀ gbalasa ló bá. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kó tó gbà ọ́, já a sílẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ bóyá o lọ́kọ, ìwọ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n mi, mo dúpẹ́ gan-an ni. Àbúrò mi ti ya fọ́tò mìíràn fún mi láàárọ̀ Sátidé. Mo kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sókè, mo kọ gàrí tẹ̀ lé e. Ọdún mẹ́jọ ni, mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á ni. Mo ya fọ́tò ojú ìwé tí mo kọ ìwọ̀n yẹn sí, ibi tí omi òjò kán sí náà hàn, mo sì gbé e síbẹ̀.

Mo kọ̀wé sí èèyàn mẹ́ta tó jáde ní ẹ̀ka wa. Ẹnì kan ti dáhùn lálẹ́ àná. Ó bi mí pé báwo ni ooru ààrò wa ṣe tó. Mo ní 60. Ó ní kí ló dé tá ò lo 70. Mo ti gbé ìwé mi jáde, mò ń wá èsì fún un.