Ewé Fúrúùtù Lórí Bisikíìtì: Ìgbà Ọyẹ́ Nílé Wa ní Ìperu

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, ló kó àrà yìí, kí a máa ya ewé sórí bisikíìtì, wọlé wá. Lọ́hùn-ún, láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá ni igi ń wọ́wé. Ewé á kọ́kọ́ pọ́n, á pupa, kó tó já. Ìgbà yẹn náà ni àwọn ìyá àti ọmọ máa ń jókòó ti bisikíìtì oníṣúgà, tí wọ́n á fi áísìn, ìyẹn ṣúgà pípò tó ń gbẹ lórí bisikíìtì, kùn ún ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wálé ọdún Kérésì, ó kó àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń gé e wá: ọ̀kan rí bí ewé, ọ̀kan bí elégédé, ọ̀kan bí èso igi kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nílé wa.

Èlò rẹ̀ kò ní wàhálà. Bọ́tà gíráàmù 225, ṣúgà 200, ẹyin kan, fúláwà bíi 360, fáníla àti iyọ̀ fíńfín. Ẹ po bọ́tà àti ṣúgà títí á fi funfun, kí ẹ fi ẹyin sí i, kí ẹ wá máa da fúláwà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi yíìsì sí i rárá, nítorí bisikíìtì tí a fẹ́ ya nǹkan sí lára kò gbọdọ̀ wú.

Ibi tí ooru wa ti ń dáni lóró ni bọ́tà. Tó bá ti rọ̀ kó tó wọ ófùn, ewé tí ẹ gé á tẹ́ rẹrẹ, ẹ ò ní mọ etí rẹ̀ mọ́. Ohun tí ẹ pò gbọ́dọ̀ tutù dáadáa kí ẹ tó nà án. Iná ò sí lọ́jọ́ náà, àbúrò mi ọkùnrin bá lọ ra yìnyín ní Ṣàgámù. A di ohun tí a pò sínú ọ̀rá, a sin ín sáàárín yìnyín nínú kúlà. Ó le bó ṣe yẹ. Ìgò òfìfo la fi nà án, kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, a yan án ní ìwọ̀n ooru 180°C fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀, ẹ yọ ọ́.

Nígbà tó kan kíkùn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n ń wo ewé Amẹ́ríkà kí wọ́n lè yà á. Màmá wa wò wọ́n títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ̀ ń wá nínú fóònù? Ẹ jáde síwájú ilé."

Igi fúrúùtù wa ń wọ́wé lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ igi yẹn, tí ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ bí òrùlé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, ewé ńláńlá rẹ̀ á di pupa fòò, òmíràn á pọ́n ní ìdajì, iṣan àárín rẹ̀ á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ ṣà á kún ọwọ́, wọ́n tò ó sórí tábìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í po áísìn títí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ti ewé náà mu. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Mọ́mì, ewé máa ń pupa níbí náà!" Ojú ẹ̀gbọ́n mi yí padà. Lábẹ́ igi yẹn la ti ṣeré dàgbà.

Fún áísìn, ṣúgà lúbúlúbú àti funfun ẹyin ni wọ́n ń pò, ṣùgbọ́n torí àwọn ọmọ tí yóò máa lá ọwọ́, páúdà funfun ẹyin tí ẹ̀gbọ́n mi kó wá la lò. Ẹ fi èyí tó ki fa etí rẹ̀ yí ká, kí ẹ wá da èyí tó ṣàn sáàárín. Kó tó gbẹ, ẹ fi igi ìtayín fa àwọ̀ mìíràn gba inú rẹ̀ kọjá, iṣan ewé nìyẹn. Kòkó lúbúlúbú fún wa ní àwọ̀ ilẹ̀, ata ilẹ̀ pupa fún wa ní ìyeyè.

Màmá ò gba elégédé tí wọ́n yà bẹ́ẹ̀. "Elégédé tí ò ní gbọ̀rọ̀ lára, ta ló gbìn ín?" Gbogbo elégédé ló padà ní ewé gbọ̀rọ̀. Èso igi àjèjì náà, a pa á tì. Ẹnu ife la fi gé róbótó, a sì sọ ọ́ di àgbálùmọ̀ tí a là sí méjì, tí àwọn kóró rẹ̀ tò bí ìràwọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ má bá oṣù kẹsàn-án ti Amẹ́ríkà lọ. Òjò ṣì ń rọ̀ ní Rẹ́mọ nígbà yẹn, atẹ́gùn tútù ọlọ́rinrin kì í jẹ́ kí áísìn gbẹ, á máa lẹ̀ mọ́ra ni. Nínú ọyẹ́, kíá ló gbẹ, ó le kóró, a tò ó lé ara wọn, a sì gbé e fún àwọn ará àdúgbò láìsí pé ọ̀kan bà jẹ́.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Màmá ti ní obì gbànja la máa yà, tòun ti awẹ́ rẹ̀, torí kò yẹ kí wọ́n yan bisikíìtì ní Rẹ́mọ kí obì má sí nínú ẹ̀.