Ojúmilóṣe olóhùn méjì

Ẹ̀yin ará,

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó fún ìwé ìfẹ́ ọ̀dọ́langba tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin jọ ń sọ, tí wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn láti orí dé orí. Àwọn kan dá «ìtàn lílé-àti-ègbè» lábàá. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbè kì í já ẹni tó ń lé orin ní koro, bẹ́ẹ̀ ìjánikoro gan-an ni adùn irú ìwé yìí. Ẹ wo ìwé Flipped, tí Wendelin Van Draanen kọ ní 2001. Juli, ọmọbìnrin inú ìtàn náà, ń gbé ẹyin adìẹ rẹ̀ lọ fún àwọn ará ilé Bryce, ọmọkùnrin ibẹ̀. Bryce ń dà á nù ní kọ̀rọ̀. Lẹ́nu Bryce, ẹ̀rù àìsàn ló fà á, kò sì láyà láti sọ pé àwọn ò fẹ́. Nígbà tó kan Juli, ẹ̀bùn ni ẹyin yẹn, wọ́n sì fi wọ́lẹ̀. Olùkà tó ń bá Bryce kẹ́dùn tẹ́lẹ̀ á wá bínú sí i. Àwọn tó ń ráhùn pé àsọtúnsọ ni, ìyẹn gan-an ni wọn ò rí.

Àwọn onílámèyítọ́ ti fún wa ní arínúróde, asọ̀tàn tó mọ inú gbogbo ẹ̀dá ìtàn, àti ojúmilóṣe, asọ̀tàn tó ń fi «mo» sọ ohun tó ṣojú rẹ̀. Orí ojúmilóṣe ló yẹ ká dúró lé. «Olójú méjì» àti «ẹlẹ́nu méjì» ò ṣeé lò, alábòsí ni èèyàn á gbọ́. «Àgbàsọ» ti níṣẹ́ tirẹ̀ nínú gírámà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí a gbà sọ ni. Olóhùn ò lábàwọ́n, a ṣáà ń pe èèyàn ní olóhùn iyọ̀. Ojúmilóṣe olóhùn méjì ni mo fara mọ́. Àmọ́ kò bá Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ (1938) mu: «èmi» méjì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni akọ̀wé ń kọ ohun tí Àkàrà-Ògùn ń rò fún un. Wọn ò jọ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan.

«Ọ̀rẹ́dolólùfẹ́» dára fún ẹ̀yà ìwé tí ọ̀rẹ́ ti ń di olólùfẹ́, kò kàn bá Flipped mu ni, torí ìfẹ́ ló ṣáájú lọ́dọ̀ Juli.

Ẹ̀yin olùtúmọ̀, ẹ ṣọ́ra fún «ó». Kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, «mo» náà ò yà á. Ẹ kọ orúkọ asọ̀tàn sókè orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún oníkálukú ní ìsọ̀rọ̀sí tirẹ̀: kí gbólóhùn Bryce kúrú, kí ti Juli máa gùn. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣí ìwé náà láàárín ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀.