Ilé etí omi lásìkò ọyẹ́: èwo ni kí n mú fáwọn ọmọ kéékèèké?

Ìyá Ọmọ Méjì, Bódìjà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún márùn-ún, rí òkun lórí tẹlifíṣọ̀n, látìgbà náà ló ti ń bi mí ṣé ó tóbi ju omi Ẹlẹ́yẹlé lọ. Àbúrò ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan ààbọ̀, kì í jókòó sójú kan. Èmi àti bàbá wọn wá ní tí wọ́n bá ti gba ọlidé Kérésì, nínú ọyẹ́ yẹn náà, ká gba ilé kékeré kan létí omi fún ọjọ́ mẹ́ta, ká máa dáná fúnra wa, káwọn ọmọ máa fi yanrìn ṣeré. Ilé méjì la rí. Ọ̀kan wà ní Ilashe, ẹ̀yìnkùlé ẹ̀ ni òkun, ó rẹwà nínú fọ́tò débi pé mi ò sùn, àmọ́ bóòtì nìkan ló ń débẹ̀. Èkejì wà ní Àgbádárìgì, mọ́tò ń dé ẹnu géètì, ṣùgbọ́n ọ̀sà ló kọjú sí. Ọkàn mi wà ní Ilashe, bàbá wọn ní Àgbádárìgì. Ẹ dákun, èwo lẹ máa mú? Awọ ara èyí àbúrò sì tètè máa ń gbẹ.

Ìyá Ìbejì, Àkóbọ̀
Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ ti bàbá àwọn ọmọ. Ìbejì mi ò tíì pé ọdún mẹ́ta tá a kó wọn lọ sírú ilé tẹ́ ẹ sọ yẹn. Gbogbo life jacket tí wọ́n kó fún wa kó tó di pé a wọ bóòtì, ti àgbàlagbà ni. Mo wọ ọ̀kan fún Táíwò, mo so ó dáadáa, mo wá di èjìká ẹ̀ mú, mo fà á sókè díẹ̀, ló bá yọ lórí ọmọ bí ìgbà téèyàn ṣí fìlà. Ọlọ́kọ̀ ní kò sí wàhálà, pé kí n gbé e lé ẹsẹ̀, mo ní láyé. Wákàtí méjì la fi jókòó sóòrùn kí ọkọ mi tó rí kékeré rà. Ẹ ra tiyín n'Íbàdàn, èyí tó ní okùn tó ń gba abẹ́ ìtan kọjá.

Ilé yẹn rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní fàráńdà, yanrìn, lẹ́yìn yanrìn òkun, kò sí géètì kankan. À ń pín ìṣọ́ ṣe bí ọdẹ. Lóru ọjọ́ kejì ara Kẹ́hìndé wá gbóná, bóòtì ò sì ń rìn lóru, ọpẹ́lọpẹ́ oògùn tí mo gbé dání.

Ọmọ Àgbádárìgì, UI
Ẹ kú àròjinlẹ̀ mà. Láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ìgbì máa ń le jù, lóṣù Kejìlá ó ń rọ̀ díẹ̀, àmọ́ omi tó ń padà sẹ́yìn lẹ́yìn ìgbì yẹn, ó lè gba ẹsẹ̀ ọmọdé tí omi ò tíì dé orúnkún ẹ̀. Ọ̀sà náà fẹ́ ìṣọ́ o, àmọ́ kì í fa èèyàn báyẹn. Ẹ sùn létí ọ̀sà, lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wọ bóòtì sọdá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn rí òkun ẹ̀, kó gbẹ́ yanrìn, kẹ́ ẹ padà kí oòrùn tó mú. Ẹ tún mú un lọ wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845.

Ti ọyẹ́, ti Àgbádárìgì ò le tó ti Ìbàdàn, iyọ̀ omi òkun ló ń gbẹ awọ. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan ọmọ kẹ́ ẹ tó fi òrí pa á.

Bọ̀dá Mọ́níyà
Ẹ wọ rélùwéè láti Mọ́níyà dé Ẹ̀bùtè Mẹ́ta, àwọn ọmọ máa gbádùn ẹ̀ ju òkun gan-an lọ, torí lóṣù Kejìlá tí ìpàgọ́ Redeem bá bọ́ sí i, ọ̀nà ẹ́kísípírẹ́ẹ̀sì yẹn máa ń dí. Láti Èkó sí Àgbádárìgì ṣì jìnnà o, tẹ́ ẹ bá ní ará níbẹ̀ ẹ sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá Ọmọ Méjì, Bódìjà
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe onílé Àgbádárìgì, mo ní kó fi fídíò géètì ẹ̀yìn ránṣẹ́ sí mi, kó ṣí i kó tún tì í kí n rí i. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lókè, ọwọ́ ọmọ ò lè tó o. Ibẹ̀ là ń lọ.