Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè mú bàbá mi gun ilé ìṣọ́ Kuwohi?

Mọ́ńjọlá_Charlotte
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní oṣù kẹwàá. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n rí àwòrán àwọn òkè Smoky, ní ààlà ìpínlẹ̀ Tennessee àti North Carolina níbí ní Amẹ́ríkà, lórí fóònù mi, wọ́n sì ní àfi kí àwọn débẹ̀. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, kò sí ọdún tí àwọn kì í gun ilé ìṣọ́ Láyípo lórí Òkè Àrẹ n'Ìbàdàn. Mo gbọ́ pé ilé ìṣọ́ kan wà lórí Kuwohi, òkè tó ga jù níbẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Àkànní_Knoxville
Mú wọn lọ, àbúrò. Ilé ìṣọ́ yẹn kò ní àtẹ̀gùn tóóró bíi ti Láyípo. Kọnkéré ni, wọ́n kọ́ ọ ní 1959, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló sì lọ́ yípo títí dé orí rẹ̀. Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 45 lọ. Òkè tó gbé e dúró ló ga: ẹsẹ̀ bàtà 6,643, kò sí èyí tó ga tó o ní gbogbo Tennessee. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, òkè lẹ́yìn òkè lẹ ó máa wò títí ojú yóò fi rẹ̀ yín. Bí GPS rẹ bá ti pẹ́, Clingmans Dome, orúkọ òkè náà àtijọ́, ni yóò máa pè é.

Ìyá_Ìbejì
Bọ̀dá Àkànní, ẹ rọra. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ọ̀nà tó lọ sí ilé ìṣọ́ náà ló ń bà mí lẹ́rù. Láti ibi ìgbọ́kọ̀sí, ààbọ̀ máìlì ni. Wọ́n ti da ọ̀dà sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dagun gan-an, àwọn alábòójútó páàkì fúnra wọn sọ pé kò ṣeé fi kẹ̀kẹ́ arọ gùn. Bíbọ̀ wálẹ̀ gan-an ló máa ń dá orúnkún lóró ju gígùn lọ. Mọ́ńjọlá, bi dókítà wọn kí wọ́n tó wọkọ̀ òfúrufú, kí o sì ra ọ̀pá ìtilẹ̀ fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ dúró ní Newfound Gap, ibi tí títì ti gba àárín òkè kọjá. Ẹnu ọ̀nà Kuwohi kò jìnnà síbẹ̀, béèyàn bá sì ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ni yóò máa wo àwọn òkè. Bí ara wọn bá yá, ẹ máa lọ sókè. Bí kò bá yá, wọ́n ti rí nǹkan tí wọ́n wá wò.

Túndé_Atlanta
Ẹ mú súwẹ́tà dání! Òtútù òkè yẹn kì í ṣe ti Charlotte. Ìkùukùu sì lè bo gbogbo rẹ̀, tí ẹ kò ní rí nǹkan kan. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ débẹ̀, torí ewé ń pọ́n lóṣù kẹwàá, èrò ń wọ́. Ẹnikẹ́ni kì í san owó ìwọlé, àmọ́ ẹ ó ra ìwé ìgbọ́kọ̀sí, dọ́là 5 fún ọjọ́ kan. Kò sí ilé epo nínú páàkì. Láti December 1 di March 31, wọ́n máa ń ti ọ̀nà Kuwohi pa.

Àdùkẹ́_Asheville
Gbogbo yín sọ̀rọ̀ òkè, ẹ kò sọ ti àwọn tó ni ín. Ilẹ̀ àwọn Cherokee ni, ẹ̀yà kan lára àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Orí Kuwohi ni àwọn oníṣègùn wọn ti máa ń lọ gbàdúrà fún àwọn èèyàn wọn. Ní 1838, nígbà tí àwọn sójà ń lé wọn lọ sí ilẹ̀ tó di Oklahoma lónìí, àwọn kan sá pamọ́ sínú àwọn òkè wọ̀nyí, àwọn ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ di òní. Ọ̀gbẹ́ni Clingman tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òkè náà ní 1859, olóṣèlú ni, ó sì di ọ̀gágun lẹ́yìn náà fún àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tó jagun kí oko ẹrú má bàa dópin. Obìnrin Cherokee méjì, Lavita Hill àti Mary Crowe, ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ní 2022 pé kí wọ́n dá orúkọ ìbílẹ̀ padà. Ní September 18, 2024, ìjọba gbà. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi nílé láti sọ fún wọn.

Nítorí náà, Mọ́ńjọlá, má ṣe gba ìlú Cherokee kọjá lásán. Ó wà lójú ọ̀nà yín láti North Carolina. Lọ́nà ìlú náà, ẹ ó rí orúkọ òpópónà tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Cherokee kọ. Ẹ wọ Museum of the Cherokee People kí ẹ tó gòkè, kí bàbá mọ orí ilẹ̀ ẹni tí àwọn fẹ́ dúró lé. Bí ẹ bá dókè, ẹ má ya kúrò lójú ọ̀nà, ẹ má sì kọ orúkọ sára ògiri. Ọjọ́ mélòó kan tún wà lọ́dún tí wọ́n ń ti ibẹ̀ di ọ̀sán kí àwọn ọmọ iléèwé Cherokee lè wá gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà wọn, ẹ yẹ ìkànnì páàkì wò kí ẹ tó gbéra.

Mọ́ńjọlá_Charlotte
Ẹ ṣé gan-an. Anti Àdùkẹ́, a máa sùn ní Cherokee lálẹ́ àkọ́kọ́, ká wo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn, ká gòkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá Ìbejì, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀pá. Ṣé a rí oúnjẹ rà lókè?

Túndé_Atlanta
Ẹ di ti yín látilé. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ níta ọkọ̀ o, béárì dúdú pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ jìnnà sí i tó yáàdì 50 ó kéré tán, kódà bí bàbá bá fẹ́ ya fọ́tò.