Ṣé ínṣọ́ránsì ìlera Kwara máa ń san owó ìgbẹ̀bí?

Aboyún Ọjà Ọba: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ìyá mi, oyún mi ti wọ oṣù keje, kẹ̀kẹ́ lọkọ mi ń wà, owó ò sí nílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Mú NIN ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba tó sún mọ́ ẹ, bi wọ́n nípa BHCPF, owó tí òfin ìlera ọdún 2014 dá sílẹ̀, tìtorí aláìní àtaboyún ni. Má dúró dìgbà ìrọbí o!

Ará Ọ̀fà: Òótọ́ ni, àmọ́ bi wọ́n nípa owó iṣẹ́ abẹ náà. Èmi ní káàdì ínṣọ́ránsì nígbà tí mo fẹ́ bímọ, síbẹ̀ wọ́n kọ ìbọ̀wọ́, òwú àti Izal sí bébà fún ọkọ mi, ó ń sáré kiri nínú òjò lóru. Ó dùn mí dọ́kàn.

Aboyún Ọjà Ọba: Ẹ ṣé gan-an mà. Àárọ̀ ọ̀la ni màá lọ.