Mítà ní gílóòbù mi ò tó ọ́ọ̀mù 1, ìṣirò ní ó fẹ́ẹ̀ tó 7, èwo ni kí n gbà?

wáyà_pupa: Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Gílóòbù bíréèkì mọ́tò ni, wọ́n kọ 12V 21W sí i lára. Mo fi 12 pín 21, ó fún mi ní áńpù 1.75, mo wá fi 1.75 yẹn pín fóltì 12, rẹsísítánsì ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́, wá jẹ́ bí ọ́ọ̀mù 6.86. Àmọ́ nígbà tí mo yọ ọ́ tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n, kò tó ọ́ọ̀mù 1 rárá, mo tiẹ̀ pààrọ̀ mítà, ibì kan náà ló ṣì dúró sí. Ẹ wò ó, ká ní ọ́ọ̀mù 0.5 ni lóòótọ́, áńpù 24 ló yẹ kó máa fà nìyẹn, wáàtì 288! Ṣé fọ́múlà yìí ò ṣiṣẹ́ fún gílóòbù ni àbí kí ló dé?

bàbá_sóḱẹ́ẹ̀tì: Ìṣirò ẹ dáa, mítà náà ò parọ́. Èyí tó tutù lo wọ̀n, èyí tó ń tàn lo ṣírò. Wáyà tín-ín-rín inú ẹ̀, irin tungsten ni, tó bá ti ń tàn ó ti gbóná kọjá 2000°C, bó sì ṣe ń gbóná ni rẹsísítánsì ẹ̀ ń lọ sókè, ó lè ju ìlọ́po mẹ́wàá ti ìgbà tó tutù lọ. Kọ́rẹ́ńtì táṣẹ́rẹ́ ni mítà fi ń wọn ọ́ọ̀mù, kò lè mú un gbóná. Áńpù ńlá tóo ṣírò yẹn gan-an kì í ṣe àsọdùn pátápátá o, ìgbà tóo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ súìṣì ó máa ń fa kọ́rẹ́ńtì gọbọi, kí o tó ṣẹ́jú ó ti gbóná ó ti wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù fi sábà máa ń jó nígbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án.

Tóo bá fẹ́ rí 6.86 yẹn, jẹ́ kó máa tàn, kí mítà kan wà lójú ọ̀nà kọ́rẹ́ńtì, kí èkejì wọn fóltì lórí gílóòbù. Má gbé mítà tó wà ní ọ́ọ̀mù sórí ohun tí iná ń gbà kọjá o! Má sì fi èyí tó wà ní áńpù kan bátìrì tààrà, fíúùsì inú ẹ̀ á lọ.

ọmọ_fóltì: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, èmi náà ní tèmi. Wọ́n ní páwà (wáàtì) jẹ́ I²R, wọ́n tún ní V²/R (I ni kọ́rẹ́ńtì, V ni fóltì, R ni rẹsísítánsì). Ìkíní ní kí rẹsísítánsì pọ̀ kí páwà pọ̀, ìkejì ní kó kéré. Ta la fẹ́ gbàgbọ́?

bàbá_sóḱẹ́ẹ̀tì: Bi ara ẹ pé kí ni ò yí padà. Bátìrì 12V, fi ọ́ọ̀mù 24 sí i: áńpù 0.5, wáàtì 6. Fi ọ́ọ̀mù 12 rọ́pò ẹ̀: áńpù 1, wáàtì 12. Fóltì ò yí padà níbẹ̀, èyí tó kéré ló gbóná jù. Wàyí o, so àwọn méjèèjì tẹ̀ lé ara wọn lórí wáyà kan, kọ́rẹ́ńtì kan náà ló ń gba inú wọn kọjá, ọ́ọ̀mù 24 á sì gbóná ní ìlọ́po méjì ti èkejì.

wáyà_pupa: Ọ̀gá ẹ ṣé gan-an. Mo tàn án: fóltì 11.8, áńpù 1.7, ọ́ọ̀mù 6.94, wáàtì 20. Mo wá gbé e sórí 6V, mo rò pé áńpù á pín sí méjì ni, 1.2 ni mo rí! Ọ́ọ̀mù 5 péré, torí kò gbóná tó ti tẹ́lẹ̀ nìyẹn àbí?

bàbá_sóḱẹ́ẹ̀tì: Òun náà nìyẹn. Wáàtì 7.2, tó bá jẹ́ rẹsísítọ̀ lásán tí ọ́ọ̀mù ẹ̀ kì í yí padà ni, wáàtì bíi 5 ló yẹ kó jẹ́.