Báwo la ṣe máa kówó jọ fáwọn ọmọ tó ní kánsà láìjẹ́ pé wọ́n pè wá ní ọmọ Yahoo?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà wá o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá ní Àgọ́-Ìwòyè, à ń ta ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ góòlù ní September tó jẹ́ oṣù kánsà ọmọdé, la bá gbé páálí wa wọ ọjà Òkè-Ajé n'Íjẹ̀bú-Òde, ìyá aláta kan wò wá tìkà-tẹ̀gbin, ó ní "ẹ̀yin ọmọ Yahoo, ẹ tún ti dé." Mi ò bá wọn wí sha, ojú wọn ti rí tó. Kánsà tí wọ́n ń pè ní Burkitt, tó máa ń wú ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, ló ń dùn mí jù, torí ó ṣeé wò tí wọ́n bá tètè gbé ọmọ dé ọsibítù, àmọ́ owó kimó, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń wo kánsà, ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká ní kí wọ́n máa sanwó tààrà sí àkáǹtì ọsibítù ni, àbí ká kọ́kọ́ lọ rí ìyálọ́jà? Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?